Ẹ Yé Lé Èèyàn Sá Fún Orin Kílásíkà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Ẹ Bá Ń Júwe Orin Tí Ẹ Fẹ́ràn

"Gbọ́ Beethoven, wàá gbádùn ẹ̀." Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé ọ̀rẹ́ ọ̀hún ò gbọ́ nǹkan kan. Beethoven wo? Sìnfónì (orin ńlá fún ọ̀kẹ́sírà) 9 ló kọ, sonata dùùrù (orin fún dùùrù nìkan) 32, concerto dùùrù (dùùrù pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà) 5, quartet olókùn (orin fún ohun èlò olókùn mẹ́rin) 16. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ọkùnrin náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì á kàn mú èyí tó wà lókè pátápátá. Bó bá lọ jẹ́ àárín quartet tó le ló bọ́ sí, ó tán, kò ní padà wá mọ́. Dátà rẹ̀ ti jó, ó sì ti gbà pé orin yìí kì í ṣe tòun. Orin ò ṣẹ̀ ẹ́ o. Ẹni tó júwe ẹ̀ ní àbọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

1. Orúkọ orin tí kò pé

Èyí ló burú jù, mo sì máa pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé tí àwọn bá ti dárúkọ ẹni tó kọ orin, irú orin tó jẹ́ àti kíì tó wà (bíi G minor tàbí C major), ó parí. Ẹ gbọ́: "Sìnfónì Mozart ní G minor." Méjì ni wọ́n. Nọ́ńbà 25, K. 183 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ orin Mozart), wà, èyí tó kọ lọ́dún 1773 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Nọ́ńbà 40, K. 550, ti ọdún 1788 sì wà. Nínú Nọ́ńbà 40, àwọn viola (ẹ̀gbọ́n violin) ló kọ́kọ́ ń kùn lábẹ́lẹ̀ kí violin tó gbé orin wọlé. Nọ́ńbà 25 kò ní sùúrù yẹn rárá, tipátipá ló fi ń sáré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ ní kó lọ gbọ́ ọ̀kan, tó wá gbọ́ ìkejì, kò lè mọ ohun tí ẹ ń sọ. "Nocturne Chopin ní E-flat major" (orin dùùrù kúkúrú) ńkọ́? Op. 9 No. 2 ni àbí Op. 55 No. 2 (Op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi tẹ iṣẹ́ jáde)? "Concerto violin ní D major"? Beethoven kọ tiẹ̀, Brahms kọ tiẹ̀, Tchaikovsky náà kọ tiẹ̀.

Ẹ má sì dúró sórí Op. 9 lásán, torí nocturne mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. No. ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. K. ni ti Mozart, láti inú àkójọ tí Köchel gbé jáde lọ́dún 1862. BWV ni ti Bach, D. ni ti Schubert, RV ni ti Vivaldi. Ọ̀pọ̀ máa ń fò wọ́n torí pé wọn ò dùn ún wò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń gbani lọ́jọ́ tí nọ́ńbà yòókù bá dàrú. Sìnfónì Dvořák tí wọ́n ń pè ní New World, Nọ́ńbà 9 ni lónìí. Lára àwọn àwo àtijọ́, Nọ́ńbà 5 ni wọ́n kọ sí i. Nọ́ńbà ò sì sọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ: concerto dùùrù Nọ́ńbà 2 ti Chopin ṣáájú Nọ́ńbà 1 rẹ̀.

Orúkọ ìnagijẹ tún dá wàhálà tiẹ̀ sílẹ̀. Beethoven ò pe sonata kankan ní Moonlight. Rellstab, akéwì ará Jámánì tó tún ń ṣe lámèyítọ́ orin, ló fi apá kìíní rẹ̀ wé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lẹ́yìn tí Beethoven ti kú lọ́dún 1827. Sonata Op. 27 No. 2 ní C-sharp minor lorúkọ ẹ̀, apá mẹ́ta ló sì ní. Apá kìíní nìkan ló rọra ń lọ. Apá kẹta gbóná janjan. Tí ẹ bá rán an sí ẹni tó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ láìsọ pé apá kìíní, ẹ ti kó o sínú ìjì.

Bó ṣe yẹ kí ẹ kọ ọ́ rèé: Beethoven, Sìnfónì Nọ́ńbà 5 ní C minor, Op. 67, apá kẹta àti ìkẹrin, Carlos Kleiber pẹ̀lú Vienna Philharmonic, 1974, nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ìlà kan péré: ẹni tó kọ ọ́, orúkọ orin, nọ́ńbà, apá, olùdarí, ọ̀kẹ́sírà, ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ àti gígùn. Kò sẹ́ni tó máa kà á tó máa ṣìnà.

2. Gígé orin níbi tí kò yẹ

Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ áàpù orin fún. Wọ́n á gé sìnfónì sí mẹ́rin, wọ́n á pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orin, tí shuffle bá sì wà ní títàn, apá kẹrin lè ṣáájú ìkíní.

Ẹ fetí sí ìparí apá kẹta nínú Sìnfónì Nọ́ńbà 5 yẹn kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń bàjẹ́. Àwọn olókùn dúró sórí nóòtì gígùn, wọn ò kúrò níbẹ̀. Timpani (ìlù ńlá) nìkan ló ń lu nóòtì C, jẹ́jẹ́, débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Violin wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kò síbi tí ọkàn ẹni ti lè balẹ̀. Ó di ìparí pátápátá kí ohùn tó ru sókè, ni C major bá bẹ́ jáde: trombone mẹ́ta, piccolo àti contrabassoon, àwọn ohun èlò tí wọ́n ń fọn, tí wọn ò tíì fọhùn látìbẹ̀rẹ̀ sìnfónì náà, wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Beethoven ò fi àlàfo kankan sáàárín apá méjèèjì. Bí ìpolówó ọjà bá já wọ ibẹ̀, tàbí tí áàpù bá fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì sí i, gbogbo ohun tó fi ìdajì ìṣẹ́jú kọ́ ti wó.

Nítorí náà, ẹ pa shuffle, ẹ dá crossfade (tó ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn) padà sí 0, ẹ tan gapless (tó ń mú àlàfo àárín wọn kúrò). Tí ẹ̀dà kan bá wà tí gbogbo sìnfónì náà wà nínú fáìlì kan, ìyẹn ni kí ẹ rán. Ohun kan náà ni fún concerto violin Mendelssohn, Op. 64: bassoon kan ṣoṣo ló di nóòtì B mú látìparí apá kìíní wọ ìkejì.

3. Kí ẹ má dárúkọ ẹni tó lu orin náà

Ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Ẹni tó ń lù ú lẹ ń gbọ́. Glenn Gould lu Goldberg Variations ti Bach, BWV 988, lọ́dún 1955, ó gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 38. Ó tún un lù lọ́dún 1981, ó di nǹkan bí 51. Ọwọ́ kan náà ni, ìwé orin kan náà ni, síbẹ̀ ẹni tí ìkíní wù lè sùn lọ nídìí ìkejì. Àkójọ "orin ìtura" tí kò kọ orúkọ ẹni tó lù ú tàbí olùdarí ọ̀kẹ́sírà síbì kankan, ẹ fi sílẹ̀.

Gígùn. Ẹ má fi Sìnfónì Nọ́ńbà 3 ti Mahler ki ẹni tuntun. Ó lé ní ìṣẹ́jú 90. Prelude àkọ́kọ́ nínú suite cello Bach, BWV 1007, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni. Gymnopédie No. 1 ti Satie, nǹkan bí mẹ́ta. Adagio for Strings ti Barber, nǹkan bí mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ ohun tó yẹ kó fi gbọ́ ọ. Also sprach Zarathustra ti Richard Strauss, 1896, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, látinú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, double bass àti contrabassoon. Ẹnu fóònù ò lè gbé ohùn yẹn jáde, onítọ̀hún á rò pé orin ò tíì bẹ̀rẹ̀ títí trumpet á fi dún. Íyápíìsì tó dáa tó. Boléro Ravel náà, ìlù tó ń rọra sọ̀rọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yí ohùn sókè torí ariwo ọkọ̀ á pariwo ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà. Inú yàrá tó dákẹ́ ni kó ti gbọ́ ọ.

Ẹ yé da Strauss pọ̀. Johann Strauss bàbá ló ni Radetzky March, Johann ọmọ ló ni Blue Danube, Richard ò bá wọn tan rárá.

Ẹ yé fún Albinoni ní ohun tí kì í ṣe tiẹ̀: Remo Giazotto ló gbé Adagio ní G minor yẹn jáde lọ́dún 1958. Minuet ní G tí gbogbo ọmọ fi ń kọ́ dùùrù, Christian Petzold ló ni ín, kì í ṣe Bach.

Ìtàn bí Beethoven ṣe di adití kò ran ẹni tó ń gbọ́ lọ́wọ́. Ẹ sọ ìṣẹ́jú tí kó ti dẹtí sílẹ̀.

Tí àkójọ yín bá jẹ́ Vienna, ìlú Beethoven àti Mozart, látòkè délẹ̀, ẹ fẹ̀ ẹ́. African Suite ti Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà, wà níbẹ̀ láti 1944. Sìnfónì Nọ́ńbà 1 ní E minor ti Florence Price, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wà, èyí tí Chicago Symphony kọ́kọ́ lù lọ́dún 1933.

Ẹ má sì rán mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni kí ẹ rán, kí ẹ wá bi í pé ibo ló mú un lọ́kàn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Prelude Bach ni, tó ní ohùn cello ló wu òun, ẹ gbé concerto Elgar fún un, E minor, Op. 85, apá kìíní, Jacqueline du Pré lórí cello pẹ̀lú olùdarí Barbirolli, 1965. Tó bá ní bí nóòtì ṣe ń tẹ̀ léra wọn láìdúró ni, Prelude ní C major, BWV 846, ti Bach fúnra rẹ̀ ló kàn, lórí dùùrù.