Kíìtì Táírọ́ìdì: Ẹ Má Kàn Gba Ìwé Inú Páálí Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra kíìtì tí a fi ń wọn TSH (họ́mónù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì inú ọrùn) tàbí T4 (họ́mónù tí táírọ́ìdì ń tú jáde) nínú ẹ̀jẹ̀ fún lábù rẹ̀ ní Àbújá, iye owó ló kọ́kọ́ ń béèrè. N kò bá a wí. Èyí tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn owó, ìwé inú páálí nìkan ló máa kà, ó parí. Ibi tí iná kì í ṣẹ́jú ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn. Kubwa ni lábù tèmi wà.

Ọ̀pọ̀ kíìtì wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius títí wọn yóò fi wọ firíìjì wa. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kan, mo gba páálí lọ́wọ́ oníṣòwò tó gbé e wá nínú búùtù mọ́tò. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù, mo bá sanwó. Nígbà tí mo dán an wò, ihò inú àwo rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n bí ìyeyè, ńṣe ló mọ́ bí omi. Ooru ti pa á lọ́nà; yìnyín tí wọ́n fi bò ó lẹ́yìn kò jí i.

Àṣìṣe tó burú jù lójú mi ni ti ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ àti ti akọ̀wé, tó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, tó ní ó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kíìtì wo ni kò ní yìn ín? Ìsàlẹ̀ 0.1, níbi tí TSH ti fẹ́ tán, ni kíìtì tí kò dáa ti ń ṣìnà. Ẹ kó ẹ̀jẹ̀ bí 40 jọ, kí ti àwọn onígẹ̀gẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ fi kíìtì àtijọ́ àti kíìtì tuntun wọ̀n wọ́n. Ẹ tún mú ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, títí kan ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń yọ wá lẹ́nu.

Ẹ má gbàgbé bíótìnì, fítámì irun àti èékánná tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé mì báyìí. Bí kíìtì bá fi bíótìnì ṣiṣẹ́, TSH lè wálẹ̀, free T4 (T4 tí kò so mọ́ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀) lè gòkè, ẹni tí kò ṣàìsàn á di aláìsàn lórí ìwé. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa bíótìnì ní 2017. Ẹ bi aláìsàn kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀.

Bí nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (nọ́ńbà àwọn kíìtì tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) bá yí padà, ẹ má dúró de ìgbà tí ti àtijọ́ bá tán. Ẹ yọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú firísà, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.