Ìpínlẹ̀ wo ni Òṣogbo wà? Bí ẹ ṣe lè yan gíráàfù tó yẹ fún ìmọ̀ inú kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó yan sọ́fítíwíà kankan, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ kọ àwọn ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí ètò yín máa dáhùn sílẹ̀, bí èèyàn ṣe máa bi í gan-an. Iṣẹ́ tèmi ni kíkó ìmọ̀ nípa àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá jọ fún ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bi ní ìbéèrè. Díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú ìwé tèmi nìyí: Ìpínlẹ̀ wo ni Òṣogbo wà ní 1980? Ìpínlẹ̀ wo ló bá Èkó pààlà? Ìlú wo ló ti jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà rí? Irú ìbéèrè báyìí ló ń sọ irú gíráàfù, ìyẹn àkójọ ìmọ̀ tí a fi okùn so pọ̀, tí a nílò. Ẹni tó kọ́kọ́ yan sọ́fítíwíà ń rán fìlà kó tó wọn orí ni.

Nǹkan méjì ló wà nínú gíráàfù. Èkíní ni kókó, ìyẹn ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ìlú, odò, ìpínlẹ̀, ènìyàn. Èkejì ni okùn tó so kókó kan mọ́ òmíràn, tí okùn náà sì ní orúkọ. "Òṣogbo" jẹ́ kókó, "wà nínú" jẹ́ okùn, "Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun" jẹ́ kókó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré mú ni igi, níbi tí kókó kọ̀ọ̀kan ti ní òbí kan ṣoṣo: ìlú lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ lábẹ́ orílẹ̀-èdè. Ó dùn ún wò, àmọ́ kì í pẹ́ dójú tì wá. Abẹ́ ìpínlẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi odò Ọ̀ṣun sí, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ tó ń gbà kọjá ju ẹyọ kan lọ? Kétu ńkọ́? Orílẹ̀-èdè Benin ló wà, ìlú Yorùbá sì ni. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi igi tò ìmọ̀ nípa àwọn èèyàn àti ìlú wọn.

Okùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni "wà nínú" ń lọ, ó sì ń ta látaré: bí Òṣogbo bá wà nínú Ọ̀ṣun, tí Ọ̀ṣun wà nínú Nàìjíríà, ètò lè fúnra rẹ̀ mọ̀ pé Nàìjíríà ni Òṣogbo wà. "Bá pààlà" ń lọ, ó ń bọ̀, àmọ́ kì í ta látaré: Èkó bá Ògùn pààlà, Ògùn bá Ọ̀yọ́ pààlà, Èkó kò sì bá Ọ̀yọ́ pààlà rárá. OWL, èdè kọ̀ǹpútà fún ṣíṣàpèjúwe ìmọ̀, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní 2004, ní ọ̀nà tí a fi ń sọ irú ìwà wọ̀nyí fún ètò.

Ẹ jẹ́ ká wá fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́, torí ibẹ̀ ni ìtàn àwọn ìlú wa ti ń bàjẹ́ jù nínú kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń dùn mí wọra. Láti 1967, Western State ni Òṣogbo wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, wọ́n pín Western State sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òndó, Òṣogbo sì bọ́ sí Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. Tí ẹ bá kọ okùn mẹ́ta láìsí ọjọ́ lára wọn, ètò yóò sọ pé Òṣogbo wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́, ọmọ tó bá béèrè nípa 1980 yóò gbọ́ irọ́.

Nítorí náà okùn gbọ́dọ̀ lè gbé ọjọ́. Nínú gíráàfù bíi ti Neo4j, sọ́fítíwíà tó ń pa gíráàfù mọ́, ara okùn gan-an lẹ máa kọ ọ́ sí: láti 1976, títí di 1991. Nínú RDF, ìlànà W3C fún kíkọ ìmọ̀ sílẹ̀, tí gbólóhùn rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́ka mẹ́ta (kókó, okùn, kókó), kò sí àyè lára okùn, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ di kókó, kí ẹ wá so ìlú, ìpínlẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin mọ́ ọn. Wikidata, àkójọ ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ń fi ọjọ́ kún ọ̀rọ̀: kóòdù P580 ni ìbẹ̀rẹ̀, P582 ni òpin. Òfin tí mo ń tẹ̀lé ni pé bó bá jẹ́ ọjọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ nìkan, ara okùn tó. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá tún kan àwọn mìíràn, bíi dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1976 tó kan ìpínlẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ di kókó, torí ẹ ò lè so okùn mọ́ okùn nínú Neo4j.

Ẹ má fojú kékeré wo "ẹni tó sọ ọ́". Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú máa ń ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá. Kì í ṣe ètò ni yóò dá ẹjọ́ láàárín ìlú méjì.

Ẹ má fi orúkọ ṣe ìdánimọ̀ kókó. Ọ̀yọ́ jẹ́ ìlú, ó jẹ́ ìpínlẹ̀. Ọ̀ṣun jẹ́ odò, òrìṣà àti ìpínlẹ̀. Nọ́ńbà ni kí ẹ fún kókó, bí Wikidata ṣe fún Nàìjíríà ní Q1033, kí orúkọ wá jẹ́ àmì lára rẹ̀: Òṣogbo, Osogbo, Oshogbo. Àmì ohùn wa ń fa wàhálà mìíràn: kíbọọ̀dù kan lè kọ́kọ́ fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, òmíràn sórí rẹ̀, ojú á rí nǹkan kan náà, kọ̀ǹpútà á rí nǹkan méjì. Ẹ fi Unicode NFC, ìlànà tó ń sọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, tún gbogbo orúkọ ṣe kí wọ́n tó wọlé.

Ibi ìpamọ́ kò le tó bí àwọn ìwé ṣe ń sọ ọ́. Táblì oníhò, tí kókó kọ̀ọ̀kan ní ìlà àti òpó, tí ihò kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bóyá okùn wà (1) tàbí kò sí (òdo), dára fún nǹkan kékeré: ìjọba ìbílẹ̀ 137 tó wà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì yóò gba ihò 18,769. Ìlú àti abúlé 20,000 yóò gba ihò mílíọ̀nù 400, òdo ni yóò sì kún inú ọ̀pọ̀ jù lọ. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ aládùúgbò kókó kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀ nìkan.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, NetworkX, àkójọ irinṣẹ́ gíráàfù nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, tó, àmọ́ MultiDiGraph, irú tó gba okùn púpọ̀ láàárín kókó méjì, ni kí ẹ mú. Òṣogbo "wà nínú" Ọ̀ṣun, ó tún "jẹ́ olú-ìlú" Ọ̀ṣun. Nínú DiGraph lásán, okùn kejì yóò bo èkíní mọ́lẹ̀ láìsọ fún yín. Bí iṣẹ́ bá dàgbà, tí ẹ fẹ́ kí ìmọ̀ yín bá ti Wikidata pọ̀, ẹ lọ sí RDF àti SPARQL, èdè tí a fi ń bi í ní ìbéèrè. Bó bá jẹ́ tiyín nìkan, tí ẹ sì máa ń tọ okùn lọ jìnnà, Neo4j àti Cypher, èdè ìbéèrè tirẹ̀, yóò rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ìpínlẹ̀ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọlé. Ọ̀ṣun ni mo máa ń lò, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ 30 rẹ̀. Ẹ mú ìwé ìbéèrè yẹn padà wá, kí ẹ bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún àwọn okùn ṣe títí yóò fi dáhùn "Ọ̀yọ́" fún 1980 àti "Ọ̀ṣun" fún òní.