Bí gbogbo owó ilé tuntun ní Yábàá ṣe padà

Ọjọ́ tí ìwé àdéhùn dá fún kọ́kọ́rọ́ kọjá, ilé ò tíì parí, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ fẹ́ yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó dá owó wa padà. Oníbàárà tó bá yí èrò padà ni ìwé náà dá ìyọkúrò yẹn fún. Àwọn gan-an ló yẹ àdéhùn níbí. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi “mi ò ṣe mọ́” ránṣẹ́ lórí WhatsApp! Ẹ̀rí wọn nìyẹn.

Lọ́yà kọ lẹ́tà, ó so gbogbo rìsíìtì mọ́ ọn: ọjọ́ 21 láti parí ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó pípé. Wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiwa. Ọjọ́ pé, lẹ́tà ìfagilé tẹ̀lé e, pẹ̀lú ẹ̀sùn sí LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó òwò ilé. Wọ́n san án láìyọ kọ́bọ̀.