Bí Mo Ṣe Yan Èdè Kọ̀ǹpútà àti Irinṣẹ́ fún Ẹgbẹ́ Róbọ́ọ̀tì Ilé-Ìwé Wa

Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé girama wa ní Ìbàdàn fa ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì lé mi lọ́wọ́, ohun tí a ní nílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò: kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́, iná tí kò dúró sójú kan, àti íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń fi dátà fóònù ṣe. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé irinṣẹ́ tí kò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò wúlò fún wa.

Scratch, èdè kọ̀ǹpútà tí a ń fi búlọ́ọ̀kù àwòrán to àṣẹ pọ̀, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, dára púpọ̀ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ SS1 ni tiwa, ó sì ń wù wọ́n láti fi ọwọ́ ara wọn kọ àṣẹ. Mo wá yẹ Arduino Uno wò, bọ́ọ̀dù kékeré tí ó lè darí róbọ́ọ̀tì, tí a ń fi èdè C++ kọ àṣẹ fún. Ó ní àlàyé rẹpẹtẹ, àmọ́ bí a bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún gbogbo iṣẹ́ náà tú sí èdè ẹ̀rọ kí ó tó fi í ránṣẹ́ sórí bọ́ọ̀dù, èyí sì máa ń falẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́.

MicroPython, irú èdè Python tí a ṣe fún bọ́ọ̀dù kékeré, lórí bọ́ọ̀dù Raspberry Pi Pico ni mo mú níkẹyìn, pẹ̀lú Thonny, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ àṣẹ, tí ó ti Yunifásítì Tartu ní Estonia wá. Mo kó gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí fláàṣì láti ilé. A tẹ bọ́tìnì BOOTSEL mọ́lẹ̀ bí a ti ń ki okùn USB bọ kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀dù náà sì yọ bí ìgbà tí a ki fláàṣì bọ̀ ọ́. A gbé fáìlì UF2 tí ó ní MicroPython nínú sínú rẹ̀, ó parí. Ọmọbìnrin kan tẹ led.on(), ó tẹ Enter, iná kékeré orí bọ́ọ̀dù sì tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti tẹ led.off() fúnra rẹ̀. Ìdí tí mo fi yan èdè yìí gan-an nìyẹn: ọmọ ń rí èsì ohun tí ó kọ kí ìbéèrè tó kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Fún wíwọn bí ògiri ṣe jìnnà sí róbọ́ọ̀tì, sẹ́ńsọ̀ kan tí ń jẹ́ HC-SR04 ni a lò, tí ó ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jáde, tí ó sì ń dúró de ìpadàbọ̀ rẹ̀. Nítorí pé ìró ń rìn tó mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì ń lọ kí ó tó bọ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n kọ ìṣirò náà tí wọ́n sì pín in sí méjì, bí wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì físíìsì. Ẹ kíyè sí i pé fóltì 5 ni ẹ̀yà rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ń lò, bẹ́ẹ̀ fóltì 3.3 ni ẹsẹ̀ (pin) Pico lè gbà. A fi resistor méjì, èròjà tí ń dín agbára iná kù, dín agbára okùn Echo, tí ó ń mú èsì sẹ́ńsọ̀ náà wá sórí Pico, kù kí ó má baà ba bọ́ọ̀dù jẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yanjú, a fi orúkọ main.py, fáìlì tí Pico máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pa iṣẹ́ náà mọ́ sórí Pico, róbọ́ọ̀tì sì ń fi bátìrì rìn láìso mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní sáà tí ń bọ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn bá ti mọ́ ọn yóò bẹ̀rẹ̀ C++ lórí Arduino.