Bí mo ṣe yan rìfọ́fà kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́

Ìbọn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní: èyí tí màá fi ṣọ́ ilé, tí màá máa gbé lọ sí pápá ìyìnbọn, tí mo sì lè so mọ́ ìbàdí bí mo bá ń rìn nínú igbó ní Texas. Rìfọ́fà ni mo yàn, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń wà nínú sìlíńdà tó ń yí. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí òfin ibẹ̀ sì fún láyè, ni mo kọ eléyìí fún. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí pé òfin ìbọn ilẹ̀ wa ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú. Bákan náà, ẹ má ṣe dán an wò láti di irú rẹ̀ mọ́ ẹrù lọ sílé.

Ìbọn oní-mágásíìnì, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń wà nínú àpótí tó wọ ìdí rẹ̀, sábà máa ń gba ọta 15 tàbí 17. Rìfọ́fà kì í sábà gbà ju márùn-ún sí méje lọ. Síbẹ̀ ó ní ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀. Ìka tó ń fa tìrígà ló ń yí sìlíńdà, kì í ṣe agbára ọta tó dún. Nítorí náà, ọta tó rọ̀ àti ọta tó le ń ṣiṣẹ́ nínú ìbọn kan náà láìsí wàhálà. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún nígbà ewu, a óò tún tìrígà fà ni, òmíràn á bọ́ sí àyè rẹ̀. Ní pápá ìyìnbọn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ kọ ẹnu ìbọn síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí ọta mìíràn máa ń pẹ́ kó tó dún. Ohun tó le nínú rìfọ́fà ni tìrígà. Bí a bá fà á lásán láì kọ́kọ́ fa hámà (irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá ọta kó dún) sẹ́yìn, agbára tí yóò gbà máa ń tó pọ́ùn mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò lágbára kò ní gbádùn rẹ̀, kódà bí kò bá lè fa ẹ̀yìn ìbọn oní-mágásíìnì náà.

Irú ọta ni mo kọ́kọ́ yanjú, kí n tó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. .357 Magnum ni mo mú. Ọdún 1935 ni Smith & Wesson àti Winchester gbé e jáde. Ọta .38 Special ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá mú kí ìkarahun rẹ̀ (irin tó gbé etù àti orí ọta) gùn sí i díẹ̀, láti ínṣì 1.155 dé 1.29, kó má baà ṣe é kì bọ inú ìbọn .38 tí agbára rẹ̀ lè fọ́. Ibẹ̀ gan-an ni èrè wa ti wá: ìbọn .357 ń yin .38 Special pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìbọn .38 kò gbọdọ̀ yin .357 láé. Ìyàtọ̀ agbára wọn kì í ṣe kékeré. Ìwọ̀n títì tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún .38 Special jẹ́ psi (pọ́ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan) 17,000, ti .38 Special +P, ìyẹn .38 tí wọ́n fi agbára kún, jẹ́ 20,000, ti .357 Magnum jẹ́ 35,000. Ẹni tó bá ra .357 ti ra ìbọn méjì: èyí tó rọ̀ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè fi kọ́ṣẹ́, àti èyí tó le tó fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó.

Lẹ́yìn ọta, ìwọ̀n ara ìbọn ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í yàn. Wọ́n á rí Ruger LCR tó wọn áúńsì 17, wọ́n á ní ó fúyẹ́, ó wọ àpò. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ yin .357 láti inú rẹ̀ ẹ wò ó: gbogbo títì tí irin kò gbà, ọwọ́ ni yóò gbà á. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá ń dun ún lọ́wọ́ kì í lọ sí pápá, ẹni tí kì í sì í lọ sí pápá kò ní mọ ìbọn yìn. Ewu kejì tún wà lára ìbọn fúyẹ́fúyẹ́. Bí ó ṣe ń ta sẹ́yìn gan-an-gan, orí àwọn ọta tó ṣẹ́ kù nínú sìlíńdà lè máa yọ síwájú kúrò nínú ìkarahun wọn. Bí ọ̀kan bá yọ jù, yóò lọ kọ́ iwájú, sìlíńdà kò sì ní yí mọ́. Ruger SP101 tó wọn nǹkan bí áúńsì 26 sàn díẹ̀, ọta márùn-ún ló ń gbà, ṣùgbọ́n ìbọn gbígbé pamọ́ ló ṣì jẹ́.

Àwọn tó wà láàárín ni mo wá fi ojú sùn. Smith & Wesson ní K-frame (férémù aláàárín wọn), bíi Model 19, tó jáde ní ọdún 1955. Ó rí rẹ̀gí lọ́wọ́, ó sì rẹwà. Àmọ́ lára àwọn àtijọ́ rẹ̀, wọ́n gé ìsàlẹ̀ ìdí ọ̀pá ìbọn pẹrẹsẹ kí apá tó gbé sìlíńdà lè ráyè, ibi tí wọ́n gé yẹn sì tín-ín-rín. Bí èèyàn bá ń yin ọ̀pọ̀ ọta .357 tí orí rẹ̀ fúyẹ́ (gréènì 110 tàbí 125; gréènì ni wọ́n fi ń wọn orí ọta) nínú rẹ̀, iná àti etù tí kò tíì jó tán yóò máa na ibẹ̀, ó sì lè là. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó máa fi .38 ṣeré nínú rẹ̀, kó sì yin .357 oní-gréènì 158 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro yìí wà lára ohun tó fa L-frame, férémù tó tóbi díẹ̀ ju K-frame lọ, tí Model 686 jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀: ìdí ọ̀pá rẹ̀ nípọn yíká. Ruger náà gbé GP100 jáde ní àárín ọdún 1980 sí 1990. Méjèèjì wọn nǹkan bí áúńsì 40 bí ọ̀pá wọn bá jẹ́ ínṣì mẹ́rin. Ìwọ̀n yẹn ló mú kí .357 ṣe é yìn fún wákàtí kan láìjẹ́ pé ọwọ́ kú.

Ínṣì mẹ́rin ni mo fẹnu kò sí. Ọ̀pá ínṣì méjì ń pàdánù eré ọta, iná rẹ̀ ń kọ lójú lálẹ́, irin tó ń ti ìkarahun jáde sì máa ń kúrú débi pé kì í tì í jáde tán. Ìkarahun á ha sí ibi tí èèyàn ti ń kánjú. Mẹ́fà ń fojú sùn dáadáa ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ wúwo, kò sì rọrùn láti gbé kiri.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ni mo fi ṣèdájọ́ láàárín 686 àti GP100, kì í ṣe ojú. Ṣí sìlíńdà, wò ó, fi ìka kan ihò kọ̀ọ̀kan, gbàrà tó o bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kódà bó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ. Mo di ìdí rẹ̀ mú ga tó bó ṣe lè ga, mo jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn bá egungun apá mi wà lórí ìlà kan, mo wá na ìka sí tìrígà. Oríkèé àkọ́kọ́ ìka ló yẹ kó kàn án fún fífà tó le bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka nìkan ló dé ibẹ̀, ìbọn yẹn tóbi jù fún ọwọ́ náà. GP100 ló bá mi mu. Irin tín-ín-rín ló wà nínú ìdí rẹ̀, rọ́bà tàbí igi ni wọ́n fi bò ó, nítorí náà ọwọ́ kékeré àti ọwọ́ ńlá lè rí èyí tó wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ń tún nǹkan ṣe fúnra rẹ̀, ó tún ní àǹfààní míì: odindi ẹ̀rọ tìrígà rẹ̀ máa ń jáde láti ìsàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìsí pé a tú ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Tìrígà 686 yọ̀ ju tirẹ̀ lọ láti ilé-iṣẹ́, mi ò ní sẹ́ ìyẹn, ẹni tó bá mú un kò ṣìnà. Irin tí kì í tètè dógùn-ún ni mo ra, nítorí ooru àti òógùn Houston kò mọ ìbọn dúdú tó dára.

Lẹ́yìn tí mo mú irú ìbọn, mo yẹ ìbọn náà gan-an wò, torí méjì tó jáde láti ilé-iṣẹ́ kan náà kì í dọ́gba. Ó ṣe pàtàkì jù bó bá jẹ́ àlòkù. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ tó fa tìrígà lófìfo. Ẹ fi àtàǹpàkò fa hámà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ìka ọwọ́ kejì máa fa sìlíńdà sẹ́yìn ní ẹ̀rọ̀. Sìlíńdà gbọ́dọ̀ ti há sí àyè rẹ̀ kí hámà tó dúró. Bí hámà bá ti dúró tí sìlíńdà kò tíì há, ihò ọta kò ní bá ọ̀pá ìbọn dọ́gba, ìbọn náà yóò sì máa tu òjé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ máa yẹ̀ wò, ọ̀kan ṣoṣo lè burú. Lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú hámà lẹ́yìn, ẹ fi àtàǹpàkò ti hámà síwájú láì fọwọ́ kan tìrígà. Bó bá já wálẹ̀, ẹ dá a padà, kò sí ìdúnàádúrà kankan nínú ìyẹn.

Àlàfo tó wà láàárín iwájú sìlíńdà àti ìdí ọ̀pá ni mo fi feeler gauge wọ̀n, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń wọn fáàfù. Ínṣì 0.004 sí 0.008 dára. Bó bá ti kọjá 0.010, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń sá jáde ti pọ̀ jù, ọta yóò sì pàdánù eré. Bí kò bá tó 0.003, èérí etù yóò tètè dí i pa. Ẹ tì sìlíńdà síwájú kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fà á sẹ́yìn kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n: bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, sìlíńdà ti jẹ. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ yí i kẹ́ ẹ wo irin tó ń ti ìkarahun bóyá ó ń mì bó ṣe ń yí. Èyí tó bá mì ti tẹ̀. Ẹ tan iná sí ìdí ọ̀pá kẹ́ ẹ wá ibi tó là. Ìlà tín-ín-rín tí iná jẹ sára irin òkè, lókè àlàfo yẹn, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ó máa ń jẹ débì kan ló máa ń dúró.

Ìwé kíkọ kò gba àkókò, ṣùgbọ́n ó gba òótọ́. Form 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ fún ríra ìbọn, ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ, ọjọ́ orí fún ìbọn ìléwọ́ níbẹ̀ sì jẹ́ ọdún 21. Ẹni tó ní green card lè rà, nọ́ńbà USCIS rẹ̀ (èyí tó wà lára green card náà) ni yóò kọ síbẹ̀. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ kò lè rà àfi bó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ìbéèrè tó ń bèèrè bóyá ẹni tó ń kọ ọ́ gan-an ló ń ra ìbọn náà kì í ṣe eré: kí a fi orúkọ ara wa ra fún àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó fún wa lówó, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Wọ́n á pe NICS, ètò FBI tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn wò, ìdáhùn á sì jẹ́ kó máa lọ, kó dúró, tàbí rárá. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Texas ti gbà kí àgbàlagbà tí òfin kò dí lọ́wọ́ gbé ìbọn ìléwọ́ láìsí ìwé àṣẹ. Mo ṣì gba àwọn èèyàn níyànjú láti gba ìwé àṣẹ náà, torí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ míì.

Ní pápá, mo fi .38 Special oní-gréènì 158 bẹ̀rẹ̀, mo ń fa tìrígà lásán láì fa hámà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a óò ṣe é lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Ẹ wọ ohun ìdí-etí méjì, ti inú àti ti òde, bó bá kan .357. Ọwọ́ tó kù kò gbọdọ̀ sún mọ́ àlàfo iwájú sìlíńdà: afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń gé ẹran ara, ẹni tó bá ti ìbọn oní-mágásíìnì wá ló sì máa ń gbàgbé. Ẹ óò rí i pé ọta tó wúwo tó sì rọra ń lọ ń lu òkè ju èyí tó fúyẹ́ lọ, torí ó ń pẹ́ nínú ọ̀pá nígbà tí ẹnu ìbọn ti ń gbé sókè. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ìfojúsùn ẹ̀yìn tó ṣe é fi screwdriver tò. Rìfọ́fà tí ìfojúsùn rẹ̀ kò ṣe é tò, irú ọta kan ṣoṣo ló bá mu dáadáa.

Bí a bá ti yin .38 púpọ̀, èérí dúdú á kó jọ bí òrùka nínú ihò sìlíńdà, níbi tí ìkarahun kúkúrú parí sí. Ìkarahun .357 tó gùn yóò há síbẹ̀, kò ní wọlé tán, tàbí kò ní jáde. Búrọ́ọ̀ṣì bàbà tó bá ihò náà mu àti òróró ìfọbọn ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kí n tó yí ọta padà. Nígbà tí ẹ bá ń ti ìkarahun jáde, ẹ kọ ẹnu ìbọn sókè, kẹ́ ẹ gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹnu bá kọ ilẹ̀, etù tí kò jó yóò bọ́ sábẹ́ ìràwọ̀ tó ń fa ìkarahun, sìlíńdà kò sì ní pa dé. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, torí òjé.

Ọta tí mo fi sílẹ̀ fún ilé kì í ṣe .357. .38 Special +P ni. Ògiri ilé Amẹ́ríkà kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, páànù gípúsọ̀mù lásán ni wọ́n kàn mọ́ igi, ariwo .357 nínú yàrá sì lè ba etí jẹ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n +P náà ṣì lè la ògiri yẹn kọjá, nítorí náà mo ti mọ ibi tí àwọn ọmọ ń sùn sí, mo sì ti mọ ìhà tí mi ò gbọdọ̀ yìn sí. Inú àpótí irin kékeré oní-nọ́ńbà tí mo fi bóòtì dè mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló wà. Ní Texas, ẹni tó bá fi ìbọn tó ní ọta sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè dé lè jẹ́jọ́ rẹ̀. Bí mo bá ń rìnrìn-àjò, mo ń yọ ọta, mo ń ki wáyà àgádágodo gba inú férémù níbi tí sìlíńdà ti ń ṣí, tí sìlíńdà kò fi ní lè pa dé, ọta sì ń lọ sínú àpótí mìíràn.