Bí ẹnu kò bá ṣeé là dáadáa mọ́ lẹ́yìn àìsàn líle

Ẹni tó pẹ́ lórí ẹ̀rọ ìmí lè bọ́ nínú ewu, kí ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í há díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, egungun ló ń hù nínú iṣan tí a fi ń jẹun. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di í.

Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú tòkè àti tìsàlẹ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá tó mìlímítà 35, tàbí tí ìka mẹ́ta tó gun ara wọn lé kò wọ ibẹ̀, ẹ lọ rí oníṣẹ́ abẹ ẹnu. CT scan, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, ló máa ń fi ibi tí egungun náà dé hàn kedere.

Ẹ má fi tipátipá ya ẹnu náà. Iṣan tó bá fara pa lè tún hu egungun sí i. Tí egungun bá ti de àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí egungun náà lè padà hù. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ la ẹnu títí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ń fà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀meje, nígbà 7 lójúmọ́. Wọ́n lè kọ oògùn indomethacin fún yín kí egungun má baà padà hù: ẹ má dá a lò, ó lè dá egbò sí ikùn.