Bí a ṣe ń dán ìpara ìwọ́ ọmọ wò lọ́wọ́ àwọn tí yóò lò ó

Ìpara chlorhexidine, òògùn apakòkòrò tí a fi ń tọ́jú ìwọ́ ọmọ tuntun, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.1%, wọ àkójọ àwọn òògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2013. Òògùn tó dára ni. Síbẹ̀, láti ọdún 2015 ni ìròyìn ti ń wá láti orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà pé àwọn kan fi í sójú ọmọ, ojú ẹlòmíràn sì fọ́. Ẹ má di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ. Ìgò olómi rẹ̀ jọ ti òògùn ojú, túùbù rẹ̀ náà sì jọ ti ìpara ojú. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpara yìí tàbí tí ẹ ń pín in, kí ẹ tó tẹ páálí kankan, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tí yóò lò ó, kí ẹ fi dán an wò.

Ẹ má pe ìyá ọmọ nìkan. Nílé wa, ìyá àgbà ló sábà máa ń wẹ ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwọ́ wà. Ẹ pe òun, agbẹ̀bí àti ẹni tó ń ta òògùn ládùúgbò. Ènìyàn 8 sí 10 tó fún ìgbà àkọ́kọ́, kí àwọn tí kò lè kàwé wà nínú wọn.

Ẹ to túùbù náà mọ́ ìpara ojú àti ìpara ara, kí ẹ sì béèrè pé: "Màmá, kí lẹ rò pé wọ́n ń fi èyí ṣe?" Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní ọmọláńgidi kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ má béèrè bóyá ó yé wọn. Wọn á ní ó yé àwọn, kí ojú má baà tì yín.

Ohun tí ẹ ń wò ni pé: wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́; wọ́n fi ìpara sí orí ìwọ́, ara rẹ̀ àti ìdí rẹ̀; wọ́n jẹ́ kó gbẹ; wọ́n sì ká ìlédìí sí ìsàlẹ̀ ìdodo. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ni a ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá kan ojú, omi tó mọ́ ni kí a fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí a sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ wá fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ tẹ́lẹ̀: sípíríìtì, ọṣẹ ìfọyín, òrí. Ìdáhùn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Níbi tí wọn kì í ti í fi nǹkan burúkú sí i, tí wọ́n sì ń bímọ sílé ìwòsàn tó mọ́, kí ìwọ́ mọ́ kó sì gbẹ ti tó. Kò sídìí láti kó ìpara lọ síbẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ìpara yìí máa ń mú kí ìwọ́ fi bí ọjọ́ kan sí méjì pẹ́ kí ó tó já. Bí wọn kò bá gbọ́ èyí ṣáájú, tí ìwọ́ kò sì tíì já lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, sípíríìtì ni wọn yóò padà sí.

Ẹ wá tún túùbù ṣe: àwòrán ìdodo ńlá níwájú, àwòrán ojú tí a fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀. Ní Nepal, ìpara ni wọ́n pín, wọ́n sì pè é ní Navi Malam, orúkọ tó ti dárúkọ ìdodo fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn tuntun ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò kejì. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì nawọ́ sí ojú ọmọláńgidi, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́.